Ta Ló Kọ́kọ́ Ná Owó Tuntun? Ohun Tí Àwọn Ọ̀mọ̀ràn Ti Rò lórí Owó àti Ọ̀wọ́n Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni, àti ìdí tí agbára owó fi ń dín kù lọ́wọ́ ẹni tó làágùn kó tó rí i. Ó ti lé ní 600 ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní Káírò, ní Salamanca, ní London, ní Berlin, ní Chicago. Mo fẹ́ kí á jọ tẹ̀ lé iyàn náà, nítorí pé èyí tó bá borí nínú èrò wọn ni ìjọba fi ń ṣòfin, òfin ọ̀hún ló sì ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kí ṣílè àti kọ́bọ̀ tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Láti erékùṣù Maldives, lójú Òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o wá. Wọ́n á lu ú níhò, wọ́n á sín in sókùn, 40 lórí okùn kan. Okùn márùn-ún ni igba, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún ọkùnrin tó lágbára. Ohun tó jẹ́ kí owó yìí níyì ni pé ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò sì sí ọba tàbí ìjòyè tó lè jókòó sílé kó ṣe é.

Ní 1845, nǹkan yí padà. Àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ náà tóbi ju ti Maldives lọ, ó pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń rà á. Ilé-iṣẹ́ O'Swald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí Èkó àti àwọn èbúté tó wà nítòsí, wọ́n sì ń fi í ra epo pupa. Ẹ wo bí èrè náà ṣe rí. Ohun tí wọ́n fi owó kékeré rà ní Zanzibar, iye tí a ti mọ̀ mọ́ owó ẹyọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ná an nílẹ̀ wa. Ẹni tó kọ́kọ́ ta epo fún wọn rí ọjà rà dáadáa, nítorí pé ọjà kò tíì gbówó lórí. Àmọ́ bí owó náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, tó ń lọ sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń wọ́n sí i níwájú rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1850, ẹgbàá owó ẹyọ tó nǹkan bíi ṣílè mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi ń parí lọ, ẹgbàá kan náà kò ju nǹkan bíi sísì lọ. Ẹ fojú inú wo àgbà tó ti to ọ̀kẹ́ owó jọ sí yàrá, tó ní òun yóò fi í jẹun lọ́jọ́ ogbó. Olè kò wọlé rẹ̀. Iná kò jó o. Bó bá tú àpò náà, tó sì kà á ní márùn-ún márùn-ún, ẹyọ kan kò dín. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú làálàá ọdún gbọọrọ rẹ̀ ti kúrò nínú àpò náà, ó ti di èrè fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú. Bí owó tuntun bá wọ ìlú, kì í dé ọwọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ ná an ló ń jèrè, ẹni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ló ń san gbèsè náà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé, nínú gbogbo iyàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìbéèrè méjì ló ń padà wá: kí ló fa ọ̀wọ́n ọjà, ta ni ó sì ń ṣe láǹfààní?

Àwọn òǹkọ̀wé Íjíbítì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kíyè sí i. Ní 1324, Mansa Musa, ọba Mali, gba Káírò kọjá nígbà tó ń lọ sí Mẹ́kà. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ná góòlù débi pé iye góòlù já wálẹ̀ nílùú náà. Al-Umari, tó ṣèwádìí níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, sọ pé kò tíì padà sí ipò rẹ̀. Ní nǹkan bí 1405, al-Maqrizi, tó ti ṣe alábòójútó ọjà rí ní Káírò, kọ ìwé lórí ìyàn àti ọ̀wọ́n tó mú Íjíbítì. Ó ní àìrọ̀jò nìkan kọ́. Ó dárúkọ ohun mẹ́ta: àwọn aláṣẹ tó ń fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra ipò, owó ilẹ̀ tó ga lórí àwọn àgbẹ̀, àti owó bàbà tí ìjọba ń rọ jáde láìdáwọ́ dúró. Ó wá ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún un lé lórí: ó fi góòlù àti fàdákà wọn iye ọjà dípò owó bàbà, ó sì rí i pé iye ọ̀pọ̀ ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Owó bàbà ló ń kú.

Ní Sípéènì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ àlùfáà wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n rí òkè fàdákà Potosí ní 1545, lórílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Bòlífíà lónìí, fàdákà ń ya wọ èbúté Seville. Láàárín 1500 sí 1600, iye ọjà ní Sípéènì fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ga sókè. Àwọn oníṣòwò ń wá sọ́dọ̀ àlùfáà láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá èrè tí àwọn ń jẹ lórí pàṣípààrọ̀ owó láti ìlú kan sí òmíràn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Martín de Azpilcueta, àlùfáà tó jẹ́ olùkọ́ òfin ní Salamanca, dáhùn ní 1556 nínú ìwé kan tó so mọ́ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ṣàlàyé pé owó dà bí ọjà yòókù: ibi tó bá pọ̀ sí, iyì rẹ̀ á dín, ibi tó bá ti ṣọ̀wọ́n, á wọ́n. Ó ní búrẹ́dì, wáìnì, aṣọ àti owó iṣẹ́ ọwọ́ rọjú ní Faransé ju Sípéènì lọ nítorí pé owó ibẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1568, Jean Bodin ti Faransé kọ irú èrò bẹ́ẹ̀ láti fi dá Malestroit lóhùn, ẹni tó ní àdàlù tí àwọn ọba ń da irin tí kò níyì mọ́ owó nìkan ló fa ọ̀wọ́n. Copernicus, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ oòrùn àti ìràwọ̀, ti sọ ṣáájú wọn ní Prussia pé bí owó bá pọ̀ jù, á tẹ́.

Àmọ́ ẹni tó fojú sí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni Richard Cantillon, ọmọ Ireland tó ṣe òwò báńkì ní Paris. Ó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1730, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1755, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní ká gbà pé wọ́n rí ibi ìwakùsà góòlù tuntun. Olówó ibẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní owó lọ́wọ́. Wọ́n á máa ra ẹran àti wáìnì sí i. Apẹran á rí èrè, àgbẹ̀ á rí èrè, àwọn náà á sì máa ná tiwọn. Bí owó ṣe ń rìn lọ, bẹ́ẹ̀ ni iye ọjà ń ga lẹ́yìn rẹ̀, títí yóò fi kan ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà. Ẹni yẹn kò jẹ nínú góòlù náà, òun ló sì ń ra oúnjẹ ní iye tuntun. David Hume ti Scotland, ní 1752, fi kún un pé ní àsìkò tí owó ń rìn yìí, kí ọjà gbogbo tó wọ́n tán, iṣẹ́ máa ń gbèrú. Ó tún kìlọ̀ pé bí gbogbo èèyàn bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kálukú bá pọ́n-ùn márùn-ún lápò rẹ̀, kò sẹ́ni tó tibẹ̀ lọ́rọ̀ sí i, nítorí pé ọjà kò pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Ìlú Ọba. Ní 1797, ogun pẹ̀lú Faransé mú kí jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn, wọ́n sì sáré lọ gba góòlù wọn ní Báńkì England. Ìjọba pàṣẹ pé kí báńkì má fi góòlù pààrọ̀ owó bébà mọ́, àṣẹ náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1821. Iye ọjà ń gòkè. Àwọn aláṣẹ báńkì ní ẹ̀bi kì í ṣe tàwọn: ìkórè kò dára, ogun sì ń fa owó lọ sókè òkun. David Ricardo àti ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin gbé kalẹ̀ ní 1810 ní báńkì ń tẹ bébà ju bó ṣe yẹ lọ. Henry Thornton wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Òun kan náà ló ti jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣàkóso Freetown, ìlú tí àwọn Sàró wa ti padà wálé. Ní ìwé rẹ̀ ti 1802, ó gbà pé ìkórè tí kò dára lè mú kí ọjà wọ́n fúngbà díẹ̀, àmọ́ bí báńkì bá ń yá owó jáde láìní ìjánu, ọ̀wọ́n náà á di èyí tí kò lópin. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìjọba òní ń sọ pé ogun ilẹ̀ òkèèrè ló fà á, tí àwọn mìíràn ń sọ pé títẹ owó ni, ẹ mọ̀ pé iyàn náà ti lé ní 200 ọdún, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì ní òtítọ́ tirẹ̀.

Ní 1911, Irving Fisher ti Amẹ́ríkà fi ìṣirò gbé e kalẹ̀. Ó ní ká fi iye owó tó wà níta ṣe ìlọ́po iye ìgbà tí owó náà ń pààrọ̀ ọwọ́ lọ́dún. Ohun tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá iye ọjà tí a tà dọ́gba, ní iye owó tí a tà á. Kì í ṣe iye owó níta nìkan ló ń pinnu, eré tí owó ń sá náà wà níbẹ̀. Jámánì fi èyí hàn ní 1923. Ìjọba wọn fi gbèsè ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí ogun parí, àwọn tó ṣẹ́gun ní kí Jámánì san owó ìtanràn. Ní oṣù Kìíní 1923, Faransé àti Belgium gba agbègbè Ruhr, ìjọba sì ń tẹ owó láti fi bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun náà. Rudolf Havenstein, olórí báńkì àpapọ̀ wọn, gbà pé iṣẹ́ òun ni láti rí i pé owó bébà kò wọ́n èèyàn. Ilé ìtẹ̀wé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba owó lójoojúmọ́, wọ́n sì ń sáré lọ sọ́jà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tí owó náà lè rà láàárọ̀, kò lè rà á mọ́ nírọ̀lẹ́. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, máàkì 4.2 ni dọ́là kan. Ní oṣù Kọkànlá 1923, ó di máàkì tírílíọ̀nù 4.2.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè Cantillon níbẹ̀. Ta ló jèrè? Ẹni tó jẹ gbèsè ni, àti àwọn oníléeṣẹ́ ńlá bíi Hugo Stinnes, tí wọ́n yá owó ra ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì fi bébà tí kò níyì san án padà. Ta ló sì pàdánù? Opó tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, olùkọ́ àgbà, àti ẹni tó fi owó rẹ̀ ran orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ nígbà ogun. Ohun tó dá a dúró ni owó tuntun, Rentenmark, tí wọ́n fààlà sí iye rẹ̀, ọ̀kan rẹ̀ sì dúró fún tírílíọ̀nù kan ti àtijọ́. Báńkì sì ṣíwọ́ títẹ owó fún ìjọba. Lọ́dún yẹn gan-an ni John Maynard Keynes kọ ọ́ ní London pé títẹ owó jẹ́ owó orí tí ìjọba lè gbà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ aṣòfin, àti pé ọwọ́ ẹni tó di owó mú ni wọ́n ti ń gbà á.

Keynes yìí kan náà ló tún mú ẹsẹ̀ kejì òtítọ́ wá ní 1936. Ó rí i pé nígbà tí iṣẹ́ bá wọ́n, tí ẹ̀rọ dúró lásán, tí àwọn èèyàn ń wáṣẹ́ kiri, owó tí ìjọba bá ná lè jí iṣẹ́ dìde láìmú ọjà wọ́n. Ní 1958, A. W. Phillips, ọmọ New Zealand tó ń kọ́ni ní London, yẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún wò ní Ìlú Ọba, ó rí i pé ọdún tí àìríṣẹ́ṣe bá dín kù ni owó iṣẹ́ máa ń tètè ga. Àwọn olóṣèlú wá rò pé àwọn lè gba ọ̀wọ́n díẹ̀ láti fi ra iṣẹ́. Milton Friedman ti Chicago àti Edmund Phelps kìlọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960: bí àwọn èèyàn bá ti mọ̀ pé ọjà yóò wọ́n, kálukú á fi í sínú owó oṣù tó ń béèrè àti iye tó ń pè, iṣẹ́ náà kò ní pọ̀ mọ́, ọ̀wọ́n nìkan ni yóò kù. Àwọn ọdún 1970 jẹ́rìí wọn. Epo rọ̀bì wọ́n, ọjà wọ́n, iṣẹ́ sì tún wọ́n pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́n ọjà dé ìdá 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹta 1980. Paul Volcker, olórí báńkì àpapọ̀ wọn, gbé èlé ga títí ó fi sún mọ́ ìdá 20. Ọ̀wọ́n wálẹ̀ sí abẹ́ ìdá 4 ní 1983, àmọ́ ní ìparí 1982, ìdá 10.8 nínú àwọn tó ń fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò níṣẹ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́, tálákà ló sì mu èyí tó korò jù nínú rẹ̀.

Àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà, bíi Juan Noyola ti Mexico, ti sọ láti àwọn ọdún 1950 pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí oko kò bá lè bọ́ ìlú, tí ọ̀nà kò dára, tí orílẹ̀-èdè sì ń fi ohun kan ṣoṣo tó ń tà sókè òkun ra gbogbo ohun tó ń lò, ọjà yóò wọ́n, kódà bí báńkì ṣọ́ owó bí ojú.

Ọ̀rọ̀ Noyola yìí, mo rò pé ẹni tó bá gbé Nàìjíríà kò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Láti 1912, Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń ṣe owó tí à ń ná, wọ́n sì ń fi owó Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní London ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́ nílé. Báńkì àpapọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1959, náírà sì dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973. Ẹ̀yin àgbà á rántí owó Udoji. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìjọba san àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san ti ẹ̀yìn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Owó epo rọ̀bì ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì dúró lójú omi Èkó, wọn kò ráyè já ẹrù. Owó wà níta, ọjà wà lójú òkun. Ọ̀wọ́n ọjà sún mọ́ ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀ nínú owó Udoji ń ra iyọ̀ àti aṣọ ní iye Udoji.

Ní 1984, ìjọba ológun rán sọ́jà lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà, pé kí wọ́n tà ní iye tí ìjọba fẹ́. Iye náà kò dúró, nítorí pé ìyá tó ń ta ìrẹsì kọ́ ló tẹ owó. Ní 1995, ọ̀wọ́n lé ní ìdá 70. Nígbà tó di tiwa yìí, òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sọ pé owó tí báńkì lè yá ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá. Síbẹ̀, gbèsè tí ìjọba jẹ báńkì náà ga tó nǹkan bíi náírà tírílíọ̀nù 22.7 kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i ní 2023 pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Lọ́dún náà ni ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin, tí wọ́n sì jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti pinnu iye rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọ̀wọ́n ọjà dé ìdá 34.8. Báńkì àpapọ̀ gbé èlé dé ìdá 27.5, ọ̀nà kan náà tí Volcker gbà. Ṣùgbọ́n èlé kò lè tún ọ̀nà oko ṣe, kò sì lè lé àwọn agbébọn kúrò lórí ilẹ̀ àgbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Yorùbá ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ọ̀rọ̀ owó, ibi tó dunni ni pé ẹni tó jẹ ẹ́ kọ́ ló ń ru igbá. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ yá owó lọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀, ẹ bi aṣòfin yín bóyá ó ti kọjá ààlà òfin, ẹ sì béèrè àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ san án fún. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé èlé ga, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa oko, ọ̀nà àti èbúté. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, nígbà tí ẹ bá ń bá agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù, ohun tó lè rà ni kí ẹ máa wò, ẹ má fi ojú wo iye tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀bi náà lé ìyá ọlọ́jà lórí. Ọ̀wọ́n ọjà kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Èèyàn ló ń pinnu rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, pẹ̀lú gègé lọ́wọ́. Nítorí náà, èèyàn náà ló yẹ kó dáhùn fún un.